Ilá, obì àti igi osè di ìdílé kan: kí ni DNA ń sọ nípa ìbátan àwọn ewéko olódòdó?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn láàrin àwọn ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́: wọ́n ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi DNA rí i pé ilá, ewédú, obì, òwú, igi àràbà àti igi osè, ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn kan gbà á bí ìròyìn tuntun, àwọn kan pè é ní irọ́ funfun, àwọn mìíràn sì ti ń fi kún un pé wọ́n ti pa ilá dà nínú yàrá àyẹ̀wò, tàbí pé ohun tí a kọ́ nílé ẹ̀kọ́ nípa igi àti ewé kò wúlò mọ́. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kì í ṣe ìròyìn àná, kò sì sí ẹni tó pa ewéko kankan dà. Àkọsílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ń to ìbátan wọn ló yí padà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature gbé iṣẹ́ kan jáde tí ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ̀nù darí, tí olùwádìí 279 láti orílẹ̀-èdè 27 sì lọ́wọ́ sí. Wọ́n ka jíìnì 353, ìyẹn apá kéékèèké inú DNA, lára ewéko olódòdó tó lé ní 9,500 ẹ̀yà, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí ya igi ìran kan. Àwọn onímọ̀ a máa kó ẹ̀yà jọ sí ẹbí, ẹbí sí ìdílé, ìdílé sí agbo-ilé. Igi ìran yìí kan nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹbí ewéko olódòdó tó wà láyé. Kì í ṣe ewé tútù nìkan ni wọ́n lò. Ewé gbígbẹ tó ti wà ní ìpamọ́ fún nǹkan bí igba ọdún wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti igi kan láti erékùṣù Guadalupe ní Mẹ́síkò, ìbátan igi ólífì, tí ẹnikẹ́ni kò tún fojú rí láàyè láti 1875.

Iṣẹ́ yìí ló tún jí ọ̀rọ̀ náà dìde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilá àti obì ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní 1993, onímọ̀ ewéko Mark Chase àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi jíìnì kan ṣoṣo, rbcL, ṣe àfiwé ewéko tó tó 500. Ní 1998, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pe ara wọn ní Angiosperm Phylogeny Group, tí a mọ̀ sí APG, gbé ètò ìdílé tuntun jáde. Wọ́n tún un tò ní 2003, 2009 àti 2016. Ti 2016 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ń lò: agbo-ilé 64 àti ìdílé 416 ló wà nínú rẹ̀. Láti 1998 yẹn ni APG ti kó ìdílé mẹ́rin àtijọ́ pọ̀ sábẹ́ orúkọ Malvaceae, ìyẹn ìdílé ilá, òwú àti ìṣápá. Bombacaceae, tí osè àti àràbà wà nínú rẹ̀. Sterculiaceae, tó ni obì àti kòkó. Àti Tiliaceae, níbi tí ewédú wà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti di àgbàlagbà báyìí.

Báwo ni jíìnì ṣe ń tú àṣírí ìbátan?

DNA ni ìlànà tí ara ohun ẹlẹ́mìí fi ń di ohun tó jẹ́, ó sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì ewé, gbòǹgbò àti irúgbìn. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, A, C, G àti T, jíìnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ apá kan nínú ìkọ̀wé gígùn yìí tó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbàkígbà tí ewéko bá ń bí sí i, ìkọ̀wé náà gbọ́dọ̀ di àdàkọ, àṣìṣe kéékèèké a sì máa wọ inú àdàkọ náà. Àṣìṣe tí kò bá pa ewéko lára lè dúró síbẹ̀ títí, kí ó di ogún fún ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ.

Ará Kétu mọ Baba Ẹlẹ́gùn, tí ń ka ìtàn ìlú àti orúkọ àwọn ọba láti orí wá nígbà tí Alákétu tuntun bá fẹ́ gorí oyè. Ká ní ẹni mẹ́ta ló ń ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ níbi mẹ́ta, tí méjì nínú wọn sì jọ fo orúkọ ọba kan náà, tí wọ́n tún jọ ṣi ibì kan náà pè. Olùgbọ́ tó mòye kò ní sọ pé ó ṣèèṣì. Yóò sọ pé ẹnu olùkọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti gbà á, lẹ́yìn tí ti ẹnì kẹta ti yà lọ. Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ka DNA nìyẹn. Ohun tí gbogbo ewéko jọ ní láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò fi ìbátan pàtó hàn, nítorí kò sí ẹni tí kò ní in. Àyípadà tí àwọn kan jọ jogún, tí àwọn yòókù kò sì ní, ni ẹ̀rí.

Níbi iṣẹ́ gan-an, wọ́n á já ewé, wọ́n á yára gbẹ ẹ́ kí DNA inú rẹ̀ má bàa bàjẹ́, wọ́n á fa DNA náà jáde, ẹ̀rọ á ka àwọn lẹ́tà rẹ̀, wọ́n á sì tò wọ́n lé ara wọn kí jíìnì kan náà láti ara ẹ̀yà púpọ̀ lè wà ní ìlà kan. Wọ́n á fi ewéko tí kì í tanná, bí igi páìnì, sí i láti mọ apá ibi tí ìpìlẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà á wá igi ìran tó bá àwọn àyípadà náà mu jù lọ, á sì tún ìṣirò náà ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, á máa yọ lára ẹ̀rí, á máa pààrọ̀ rẹ̀, láti mọ ẹ̀ka tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ àti èyí tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ. Ẹ̀ka tó so ilá, obì, ewédú àti osè pọ̀ wà lára àwọn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ibi méjì ni wọ́n sábà máa ń ka DNA ewéko láti inú rẹ̀. Èkíní ni chloroplast, ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, tó sì ń mú kí ewé ní àwọ̀ tútù. DNA ibẹ̀ kò gùn, ó pọ̀ nínú ewé, lára èyí tó pọ̀ jù nínú ewéko olódòdó ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló sì ti ń wá. Èkejì ni ọ̀gangan àárín sẹ́ẹ̀lì, tí a ń jogún láti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá. Ètò APG gbára lé ti àkọ́kọ́ gidigidi. Ti 2024 gbára lé ìkejì, ìdí pàtàkì sì nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ka iṣẹ́ náà sí ìdánwò tòótọ́ fún ètò àtijọ́: ó gba ọ̀nà mìíràn wọlé, ó sì bá ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n fi í sí.

Ṣé ojú ló ń tan àwọn onímọ̀ ìṣáájú jẹ ni?

Díẹ̀ ni, kì í ṣe púpọ̀. Láti ayé Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n ti ń fi òdòdó, ewé àti èso to ewéko, DNA sì gbè ọ̀pọ̀ nínú ètò wọn lẹ́yìn. Ìdílé koríko, tí àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrẹsì wà nínú rẹ̀, kò yẹsẹ̀ rárá. Ibi tí ìṣòro wà ni ibi tí ìgbé ayé kan náà ti sọ ewéko tí kò bára tan di ẹni tó jọra. Òṣíbàtà tó ń léfòó lórí omi Àjàṣẹ́ àti lótọ́ọ̀sì ilẹ̀ Éṣíà jọ ara wọn débi pé wọ́n ti kà wọ́n sí ìbátan fún ìgbà pípẹ́. DNA sọ pé igi platane tí wọ́n ń gbìn sí etí títì ní ilẹ̀ Faransé súnmọ́ lótọ́ọ̀sì ju òṣíbàtà lọ. Ní òdìkejì, igi tíìkì tó ti Éṣíà wá, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn káàkiri gúúsù Benin, ti kúrò ní ìdílé Verbenaceae, ó ti bọ́ sí ti ẹfinrin. Bóyá ni ẹni tó dúró nídìí igi tíìkì á rántí ọbẹ̀ ẹfinrin.

Ní ti ilá àti àwọn ìbátan rẹ̀, ẹni tó ń dáná ti ní ẹ̀rí díẹ̀ lọ́wọ́: ilá ń yọ̀, ewédú ń yọ̀, ewé osè tí wọ́n ń fi se ọbẹ̀ náà ń yọ̀. Àmọ́ àpọ̀n ń yọ̀ bákan náà, ìdílé ọ̀tọ̀ pátápátá ló sì ti wá. Ìdí rèé tí ìjọra kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ ti ojú tàbí ti ẹnu, kò fi tó láti dá ẹjọ́ ìbátan.

Ta ló kọ́kọ́ yà kúrò lára àwọn yòókù?

Igi kékeré kan tó ń jẹ́ Amborella trichopoda, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní erékùṣù New Caledonia tí ilẹ̀ Faransé ń ṣàkóso nínú òkun Pàsífíìkì, ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí tó jáde ní 1999 tọ́ka sí. Wọ́n ní ẹ̀ka tirẹ̀ ló kọ́kọ́ yà, ti òṣíbàtà ló sì tẹ̀ lé e. Àwọn kan takò wọ́n: lójú tiwọn, Amborella àti òṣíbàtà jọ wà lórí ẹ̀ka kan ni, jíìnì tó ń yí padà ní kíákíá jù ló ń ṣi ìṣirò lọ́nà. Gbogbo DNA Amborella tí wọ́n kà jáde ní 2013, ti ẹ̀yà òṣíbàtà kan tó tẹ̀ lé e, àti igi ìran 2024 gbè ìpò àkọ́kọ́ lẹ́yìn.

Ohun kan wà níbí tí àwọn òǹkàwé sábà máa ń ṣì gbọ́. Pé ẹ̀ka kan tètè yà kò sọ ewéko orí rẹ̀ di ìyá ńlá àwọn yòókù. Amborella kò bí òṣíbàtà, òṣíbàtà kò bí ilá. Òní ni gbogbo wọn ń gbé, ọjọ́ orí ìtàn wọn sì dọ́gba láti ọ̀dọ̀ baba ńlá tí wọ́n jọ ní, tí kò sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló tún gbọn ẹ̀kọ́ ilé ìwé wò. A ti kọ́ pé ọ̀nà méjì ni ewéko olódòdó pín sí, àwọn tí irúgbìn wọn ń fi ewé kan hù, bí àgbàdo, ọ̀pẹ àti àlùbọ́sà, àti àwọn tó ń fi ewé méjì hù, bí ẹ̀wà àti ilá. Àwọn eléwé kan jẹ́ ìran kan lóòótọ́. Àwọn eléwé méjì kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ìyèré, ẹẹ̀rù àti píà ń fi ewé méjì hù, síbẹ̀ ìran tiwọn yàtọ̀ sí ti ẹ̀wà àti ilá. Èwo nínú ìran mẹ́ta yìí, ti àgbàdo, ti ẹ̀wà àti ti ìyèré, ló bá èwo tan jù? Iṣẹ́ kan á sọ báyìí, òmíràn á sọ tọ̀hún.

Kí ló dé tí ẹnu wọn kò fi kò lórí ohun gbogbo?

Nítorí pé jíìnì fúnra wọn kì í fi gbogbo ìgbà sọ ohun kan náà. Bí ìran mẹ́ta bá pínyà láàrin àkókò kúkúrú, àyípadà tó lè fi hàn pé ẹni báyìí ló kọ́kọ́ yà kì í pọ̀, àwọn kan lára àyípadà tó ti wà ṣáájú ìpínyà náà sì lè bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí a kò retí. Bí ẹ̀yà méjì bá tún padà bá ara wọn bímọ, tí ti chloroplast bá gba ọ̀dọ̀ ìyá lọ, tí ti àárín sẹ́ẹ̀lì sì gba ọ̀dọ̀ méjèèjì, ìtàn méjì ni olùwádìí á rí nínú ewé kan ṣoṣo. Iṣẹ́ 2024 rí i pé irú àìfohùnṣọ̀kan báyìí pọ̀ gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ewéko olódòdó, nígbà tí èyí tó ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún agbo-ilé tó wà lónìí jáde ní wàràwàrà. Ìyára yẹn gan-an ló da Charles Darwin, onímọ̀ tó ṣàlàyé bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, láàmú nígbà tó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Joseph Hooker ní 1879, tó sì pe ọ̀rọ̀ náà ní àdììtú tó kó o nírìíra.

Ọjọ́ orí wọn náà kò tíì bá ara mu. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó tó ti di òkúta, tí gbogbo onímọ̀ fọwọ́ sí, kò lọ sẹ́yìn ju nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 135 lọ, nígbà tí àwọn ìṣirò kan láti ara DNA ń sọ̀rọ̀ mílíọ̀nù 200 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ láti wá irú òkúta bẹ́ẹ̀ sọ pé bí irú ewéko bẹ́ẹ̀ bá wà, ó yẹ kí òkúta ti gbà á mọ́ra. Àwọn tó ń ka jíìnì dáhùn pé ohun tó kéré níye, tó sì ń gbé ní ibì kan ṣoṣo, kì í sábà fi àpẹẹrẹ sílẹ̀.

Ṣé dandan ni kí ilá àti obì máa jẹ́ orúkọ ìdílé kan?

Rárá. DNA ń fi ẹ̀ka hàn. Ibi tí a ó ti gé e, tí a ó sì pè é ní ìdílé, ìpinnu ènìyàn ni. Ohun tí APG rin kinkin mọ́ ni pé ìdílé gbọ́dọ̀ kó gbogbo ọmọ baba ńlá kan pọ̀, kí ó má fi ẹnì kankan sílẹ̀, kí ó má sì gba àlejò. Mẹ́ta nínú ìdílé àtijọ́, ti osè, ti obì àti ti ewédú, kò yege ìdánwò yẹn bí wọ́n ṣe wà, nítorí náà ni wọ́n ṣe dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti ilá. Ṣùgbọ́n onímọ̀ ewéko Martin Cheek ti Kew dábàá pé kí wọ́n kúkú tún un pín sí ìdílé mẹ́wàá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìran tó pé, kí obì sì ní ìdílé tirẹ̀. Ètò méjèèjì bá igi ìran mu. Àwọn tó fẹ́ kó wọn jọ sọ pé orúkọ díẹ̀ rọrùn láti rántí. Àwọn tó fẹ́ pín in sọ pé ìdílé tó ní ohun tó lé ní 4,000 ẹ̀yà, láti orí ewédú dé orí àràbà, kò ran ẹni tó ń wá ewé nínú igbó lọ́wọ́.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ le jù lórí Acacia, orúkọ ẹbí igi kan nínú ìdílé ẹ̀wà. Nígbà tí jíìnì fi hàn pé ìran kan ṣoṣo kọ́ ni gbogbo igi tó ń jẹ́ orúkọ náà, ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ ewéko ní Vienna ní 2005 fi orúkọ sílẹ̀ fún ti Ọsirélíà, tí ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ jù lọ, wọ́n sì sọ ti ilẹ̀ Áfíríkà di Vachellia àti Senegalia. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní Áfíríkà bínú, nítorí ti Áfíríkà ni orúkọ náà kọ́kọ́ jẹ́. Ìpàdé Melbourne ní 2011 kò yí ìpinnu náà padà. Igi igbá tí a ń rí irú lára rẹ̀ náà ti kó lọ láti ìsọ̀rí kan sí òmíràn nínú ìdílé ẹ̀wà ní 2017, láìsí ariwo kankan.

Kí ló kan iṣu Ṣábẹ̀ẹ́ nínú èyí?

Iṣu funfun tí a fi ń gún iyán, tí làbókò wà lára rẹ̀, ewéko olódòdó ni, Dioscorea rotundata ni orúkọ Látìn rẹ̀. Ní 2019, Nora Scarcelli ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí IRD ilẹ̀ Faransé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka DNA iṣu 167, ti oko àti ti ìgbẹ́. Wọ́n ní ara D. praehensilis, iṣu ìgbẹ́ tó ń hù nínú igbó, ni iṣu funfun ti wá, àti pé agbègbè odò Ọya láàrin ìlà-oòrùn Ghana àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun oko. Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ á rí i pé orílẹ̀-èdè Benin wà láàrin àyè yẹn. Ní 2020, àwọn olùwádìí láti Japan tí wọ́n bá IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, ṣiṣẹ́ ka iṣu funfun 336, wọ́n sì sọ nǹkan mìíràn: ọmọ àdàlù ni, D. praehensilis ti igbó àti D. abyssinica ti ọ̀dàn ló jọ bí i.

Àwọn àgbẹ̀ kan ní Benin ń ṣe ohun tó lè dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà. Wọ́n a máa mú iṣu ìgbẹ́ wá sóko, wọ́n a gbìn ín lọ́dọọdún títí yóò fi tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n a sì fi orúkọ iṣu oko pè é. Àyẹ̀wò jíìnì ti fi hàn pé òmíràn nínú wọn jẹ́ iṣu ìgbẹ́ gan-an, òmíràn sì jẹ́ ọmọ iṣu oko àti ti ìgbẹ́. Ìyẹn ni pé ọjà jíìnì láàrin oko àti igbó kò tíì tú. Ohun tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí fún àgbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ wá iṣu tó lè fara da ọ̀dá tàbí àìsàn gbọ́dọ̀ mọ ìbátan ìgbẹ́ tí yóò lọ bá, yálà ti igbó tàbí ti ọ̀dàn.

Ṣé ewé tó bá jẹ́ ìbátan á ṣe iṣẹ́ kan náà?

Ìbátan ń tọ́ka sí ibi tó yẹ kí a wò, kò ṣe ìlérí. Ní 1952 ni wọ́n yọ reserpine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, jáde lára ewéko Rauvolfia kan tó ti Íńdíà wá. Wọ́n rí i lára asofẹ́yẹjẹ ilẹ̀ wa náà, tó jẹ́ ẹbí kan náà, asofẹ́yẹjẹ sì di ọ̀kan lára orísun tí àwọn iléeṣẹ́ oògùn ń lò. Ṣùgbọ́n bòmubòmu, tí àwọn Fúlàní fi ń di wàrà, ti wọ inú ìdílé asofẹ́yẹjẹ báyìí lábẹ́ ètò tuntun, oje rẹ̀ sì ní májèlé tó ń kọlu ọkàn. Ẹni tó bá fi ọ̀kan dípò èkejì nítorí pé wọ́n jẹ́ ìdílé kan ń fi ẹ̀mí ṣeré.

Ta ló ni ohun tí wọ́n kà jáde lára ewé wa?

Àdéhùn Nagoya, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2010, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, sọ pé ẹni tó bá mú ohun ẹlẹ́mìí láti orílẹ̀-èdè kan fún ìwádìí jíìnì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ó sì pín nínú èrè rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ni ín. Benin wà lára àwọn tó wọ inú àdéhùn náà. Àmọ́ nígbà tí lẹ́tà DNA bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó fẹ́ lò ó kò nílò láti já ewé kankan. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà sọ pé ọgbọ́n àtiyẹ àdéhùn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dáhùn pé bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, irú igi ìran tí gbogbo ayé lè lò yìí kò ní ṣeé yà mọ́. Ìpàdé àgbáyé lórí ohun ẹlẹ́mìí ní Cali, ní Kòlóḿbíà, ní 2024, gbà láti dá àpò owó kan sílẹ̀, Cali Fund, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2025. Wọ́n ní kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń jèrè lára irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn, tàbí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún owó tó ń wọlé fún wọn, kí ó kéré tán ìdajì owó náà sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ìlú àti ẹ̀yà tó ń tọ́jú ohun ẹlẹ́mìí náà. Kò sí ohun tó fi agbára mú iléeṣẹ́ kankan láti san án, àfi tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá sọ ọ́ di òfin.